Ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ́sílìn tó ti sú wa: èwo ni ká lé jáde, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Dáre_Àjìlósùn

Èkìtì kete, ẹ kú o. Àmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní gúrúùpù WhatsApp fún rẹ́sílìn níbí ní Adó. Nígbà tá a dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yé gbogbo ayé: ta ló dá ta, ta ló gba bẹ́líìtì, kí ni Roman Reigns tún fi ojú àwọn ìbátan ẹ̀ rí. Ní báyìí ó ti di ilé awo. Ẹni tí ò bá gbọ́ èdè ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Wọ́n ti bury ẹ, push ẹ̀ ti tán, go-away heat ló kù." Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń wo rẹ́sílìn kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa wá béèrè pé ta ló kú. Wọ́n fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "mark" ni wọ́n, ìyẹn òpè tó gbà pé òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ẹ̀gbọ́n ti jáde, àwọn kan sì tẹ̀ lé wọn.

Mo fẹ́ ṣòfin. Ẹ bá mi ka àwọn ọ̀rọ̀ tó ti sú yín jọ, kí n mọ èyí tí mo máa fòfin dè. "Buried" ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ Mọ́ńdè, wọ́n á ti sin ín kó tó di ọ̀sán Túsìdeè.

Ṣọlá_Ìkẹ́rẹ́

Ọlọ́run ló rán ẹ. Wo ọ̀rọ̀ Oba Femi. Ó gbé bẹ́líìtì North American ti NXT, ẹ̀ka kékeré ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn WWE, fún ọjọ́ 273, ó tún wá gba bẹ́líìtì NXT fúnra ẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì gbé e ṣubú pẹ́nrẹ́n, àwọn ọmọ wa á figbe ta: wọ́n ti fẹ́ sin ín, wọn ò fẹ́ràn ọmọ Nàìjíríà. Ta ló sin ta?

Fi "mid" kún un. Ìjà tó dáa díẹ̀, mid. Èyí tó burú, mid. Èyí tí wọn ò tiẹ̀ wò torí pé iná lọ, òun náà mid.

Tóbi_Ọ̀yẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Bí a ò bá gbọ́dọ̀ sọ "mid", kí la fẹ́ máa sọ? "Kò dáa, kò burú, ó kàn wà níbẹ̀"? Kí n tó tẹ gbogbo ìyẹn tán lórí fóònù, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ìjà míì. Ẹnì kan kì í jókòó ti ọlọ́pọ́n ayò kó wá ní kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀ta mọ́. Gbogbo eré ló ní èdè tiẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n fi Ẹ̀gbọ́n yẹn rín ni ò dáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ.

Tíṣà_Ìjerò

Dáre, má tíì ṣòfin. Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì lo dà pọ̀, jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdí iṣẹ́ ni àwọn kan ti wá. Láyé ìgbà tí àwọn oníjàkadì Amẹ́ríkà ń bá àwọn eléré alárìnkiri rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ní èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ará ìta tó sanwó wọlé má baà gbọ́. "Kayfabe" ni pé kí wọ́n pa àṣírí mọ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé wọ́n ti ṣètò ìjà. "Work" ni ohun tí wọ́n jọ ṣètò, "shoot" ni èyí tó já sí òótọ́. "Heel" ni ìkà ẹ̀dá, "babyface" ni ẹni rere tí èrò ń pàtẹ́wọ́ fún. "Push" ni kí ilé iṣẹ́ máa gbé ẹnì kan ga. "Over" ni pé ọ̀rọ̀ ẹni náà ti wọ èrò lára, yálà wọ́n ń yìn ín tàbí wọ́n ń bú u. Àwọn wọ̀nyí ò lè sú mi láé. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tí Hulk Hogan ṣe ní Bash at the Beach ní July 7, 1996, mo nílò "heel". Ọkùnrin tó ti ń sọ fún àwọn ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n máa lo fítámì wọn, ló kẹ̀yìn sí wọn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn ń ju ìdọ̀tí sínú ríǹgì.

Wọn kì í sì í fi àṣírí yẹn ṣeré. Ní May 19 ọdún yẹn kan náà, ní Madison Square Garden, Shawn Michaels, Triple H, Kevin Nash àti Scott Hall dì mọ́ra wọn nínú ríǹgì lójú gbogbo èrò. Bẹ́ẹ̀ ọ̀tá ni àwọn kan nínú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Nash àti Hall ló ń lọ sí ilé iṣẹ́ kejì, ni wọ́n bá ń dágbére. Inú bí àwọn tó wà nílé iṣẹ́. Michaels ló ni bẹ́líìtì, wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Àwọn méjì ti ń lọ. Orí Triple H nìkan ló já lé. Adé ìdíje King of the Ring tí wọ́n fẹ́ fún un, Steve Austin ni wọ́n gbé e fún ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn gan-an ni "buried": kí àwọn ọ̀gá dìídì rẹ èèyàn sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn pàdánù ìjà kan.

Oríṣi kejì ni àwọn tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí: "mark", "smark" (mark tó rò pé òun gbọ́n), "casual" (ẹni tó kàn ń wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan). Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n sọ ẹlòmíì di òpè lọ. Àwọn ni kó o lé.

Ṣọlá_Ìkẹ́rẹ́

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an, àmọ́ ẹ̀yìn mi ni àpẹẹrẹ yín gbè sí. Triple H tí wọ́n "sin" yẹn, ó gba King of the Ring lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní 1997. Láti 2022, òun ló ń pinnu ẹni tó máa borí àti ẹni tó máa ṣubú ní WWE. Irú ìsìnkú wo nìyẹn?

Bọ́dé_Onígbàjámọ̀

Ọ̀tùn ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù mi ni ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́ "buried", ẹ jẹ́ n dá sí i.

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yẹn tọ́. Kofi Kingston, ọmọ tí wọ́n bí ní Gánà, gba bẹ́líìtì WWE lọ́wọ́ Daniel Bryan ní WrestleMania 35, ìfihàn WWE tó tóbi jù lọ́dún, ní April 7, 2019. Ọkùnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Àwọn àgbàlagbà sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tí mo ń gẹrun fún gan-an ò jẹ́ kí orí dúró sójú kan. Ó gbé e di October 4, wọ́n gbé Brock Lesnar dìde sí i ní SmackDown. Ìjà yẹn ò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Kofi ò rí ọwọ́ na. Nígbà tó tún padà dé orí tẹlifíṣọ̀n, ó ń jó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní wọ́n sin Kofi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn kan náà ló ń sin gbogbo èèyàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò wá léyín lẹ́nu mọ́.

Dáre, mi ò fòfin de ọ̀rọ̀ kankan níbi tèmi. Bí oníbàárà bá la èdè awo sílẹ̀, mo máa pa kílípà, mo máa ní, "Sọ ọ́ kí ẹni tó wà lórí àga gbọ́." Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á máa wojú dígí. Ó máa yà ẹ́ lẹ́nu, àwọn tó ń pariwo "workrate" (bí oníjàkadì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó nínú ríǹgì) jù ni kì í lè ṣàlàyé ẹ̀. Ọ̀kan ní Omos ò ní workrate. Mo ní kí ni ìyẹn? Ó ní kì í fò. Ọmọ Yorùbá tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, kó wá máa fò bíi Rey Mysterio? Ìjà àkọ́kọ́ tí Omos jà lórí tẹlifíṣọ̀n WWE, WrestleMania 37 ni, òun àti AJ Styles sì gba bẹ́líìtì oníméjì-méjì lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á ló ń ṣe: kó dúró, kí ẹ̀rù bani.

Kẹ́mi_Bàsírì

Dáre, o ní àwọn kan tẹ̀ lé Ẹ̀gbọ́n jáde. Obìnrin mélòó ló wà nínú wọn?

Dáre_Àjìlósùn

Ó ku obìnrin kan ṣoṣo ní gúrúùpù báyìí.

Kẹ́mi_Bàsírì

Mo mọ̀. Ẹ ti ka ọ̀rọ̀ jọ títí, ẹ ò dárúkọ èyí tí wọ́n fi ń lé wa. "Piss break." Bí ìjà obìnrin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á kọ ọ́ pé àsìkò àtitọ̀ ti tó. Ó ń ṣe é bí ẹni ń dápàárá, gbogbo yín á wá fi àwòrán ẹ̀rín sí i.

Ó nídìí tẹ́lẹ̀, n ò jiyàn. Ní oṣù kejì ọdún 2015, wọ́n fún àwọn obìnrin mẹ́rin ní ìjà kan ní Raw, ètò WWE alẹ́ Mọ́ńdè, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Èèyàn ò tíì tú ẹ̀pà kan bó, ó ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò ó ló dìde, wọ́n fi #GiveDivasAChance gba ojú Twitter, títí àwọn ọ̀gá fi fèsì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní WrestleMania 32, wọ́n pa bẹ́líìtì "Divas" rẹ́, wọ́n gbé bẹ́líìtì àwọn obìnrin tuntun jáde. Alẹ́ tí Kofi gba bẹ́líìtì tí Bọ́dé ń sọ yẹn, ta ló ja ìjà tó kẹ́yìn? Becky Lynch, Ronda Rousey àti Charlotte Flair. Ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin máa kádìí WrestleMania nìyẹn. Ẹ ò lọ tọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ "bury" máa bury. Èyí ni kẹ́ ẹ fòfin dè.

Àgbà_Ìdó

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Power Mike, oníjàkadì ọmọ Nàìjíríà, la fi ń lérí nígbà tiwa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ọmọdé ò sú mi tó ti àwọn tí kì í wò ó rárá: "Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni?" Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé mi tó bá mi nídìí ẹ̀ ló máa ń bi mí, bíi pé àwọn ló kọ́kọ́ mọ̀. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ilé iṣẹ́ McMahon tó di WWE lónìí fúnra ẹ̀ lọ sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New Jersey ní 1989 pé eré ìdárayá aláfihàn ni àwọn ń ṣe, kì í ṣe ìdíje, kí àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá níbẹ̀ lè yọwọ́ lọ́rọ̀ wọn.

Àmọ́ nígbà tí Undertaker ju Mick Foley sísàlẹ̀ láti orí àgò irin ní June 28, 1998, gíga tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún, ta ló bá a gba ìrora ẹ̀? Owen Hart já láti òkè ilé ní Kansas City ní May 23, 1999, ó kú. Kí ẹni tó ń pè é nírọ́ lọ sọ ìyẹn fún ìyàwó ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà gan-an tún wà lára wọn. Nígbà tí Vince McMahon ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí àwọn asọ̀rọ̀ ìjà pe bẹ́líìtì ní bẹ́líìtì, "championship" ni. Wọn kì í pe ilé ìwòsàn ní ilé ìwòsàn, "medical facility" ni. Àwa tá a ń wò ó nínú pálọ̀ wa, a ti di "WWE Universe". Níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, ẹ̀yìn ẹni tó bá balẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn, kò nílò àgbéjáde.

Ẹ tiẹ̀ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ "go-away heat" tí Dáre kọ lókè yẹn?

Tóbi_Ọ̀yẹ́

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Oríṣi ariwo "búù" méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti ìkà ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa: ẹ ń bú u, ṣùgbọ́n ẹ ò ní kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, torí ẹ fẹ́ rí ọjọ́ tí wọ́n máa dá a. Èkejì ni pé ojú ẹni náà ti sú yín, ẹ fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Èkejì yìí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní "X-Pac heat", orúkọ oníjàkadì kan ni wọ́n fi sọ ọ́.

Roman Reigns ti rí méjèèjì. Ní Royal Rumble 2015 ní Philadelphia, ẹni rere ni wọ́n pè é, òun ló sì borí. Èrò hó lé e lórí débi pé The Rock tó wá gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Ó wá padà dé ní 2020 gẹ́gẹ́ bí ìkà. Ariwo náà kò yí padà, àmọ́ owó ló ń mú wọlé báyìí. Ọjọ́ 1,316 ló fi gbé bẹ́líìtì kí Cody Rhodes tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní April 7, 2024.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà wúlò, Ẹ̀gbọ́n Dáre? Èyí tó sú èmi ni "finish the story". Cody ló ni ín, ó sì ti parí ẹ̀. Ní báyìí, gbogbo ẹni tó bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì ló ní ìtàn tó fẹ́ parí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní carryover ní FUOYE ní òun ń bọ̀ wá parí ìtàn òun.

Àgbà_Ìdó

Ó yé mi. O ṣeun, ọmọ mi.

Ọmọ_Ẹfọ̀n

"Shoot" ni tèmi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bínú díẹ̀, shoot ni. Shoot tòótọ́ ni kí wọ́n na ara wọn lóòótọ́ nínú ríǹgì, bíi ti Bret Hart àti Shawn Michaels ní Montreal ní 1997. Kò tún sí òmíràn.

Tíṣà_Ìjerò

Rárá o, Ọmọ Ẹfọ̀n. Wọn ò na ara wọn ní Montreal. November 9, 1997 ni, Survivor Series. Bret ń kúrò nílé iṣẹ́ náà, kò sì fẹ́ gbé bẹ́líìtì sílẹ̀ fún Michaels nílẹ̀ Kánádà tó jẹ́ ilé ẹ̀. Wọ́n jọ ṣàdéhùn bí ìjà ṣe máa parí. Michaels di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú bí wọ́n ṣe ṣètò, Vince McMahon bá pàṣẹ létí ríǹgì pé kí wọ́n lu agogo, bẹ́ẹ̀ Bret ò juwọ́ sílẹ̀. Ìjà náà jẹ́ work títí dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Àdéhùn ni wọ́n dà. Bret tutọ́ sí Vince lójú níbẹ̀, ó sì gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nínú yàrá ìmúra lẹ́yìn náà. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn ni shoot, bó o bá ń wá a.

Ọmọ_Ẹfọ̀n

Ẹ ṣé, Tíṣà. Ẹ jẹ́ n wá fi "screwjob", orúkọ tí wọ́n fún ìrẹ́jẹ Montreal yẹn, kún un nígbà náà, torí gbogbo ìjà tí ọ̀rẹ́ ẹnì kan bá ti yọjú wá ràn án lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àti "pipe bomb". CM Punk jókòó sórí pèpéle ní June 27, 2011, ó fi máìkì tú àṣírí ilé iṣẹ́ níta. Ó dáa. Ní báyìí, ẹni tó bá ti gba máìkì tó ju ìṣẹ́jú méjì lọ ti ju pipe bomb.

Ṣọlá_Ìkẹ́rẹ́

Ìràwọ̀ ńkọ́? "Five star" ni gbogbo ìjà. Dave Meltzer, akọ̀ròyìn rẹ́sílìn ti Wrestling Observer, ló sọ fífún ìjà ní ìràwọ̀ di nǹkan ńlá, márùn-ún sì ni òpin ẹ̀. Òun náà ló fún ìjà Okada àti Omega ní Japan ní mẹ́fà ní January 2017, ó wá fún wọn ní méje ní June 2018. Ibẹ̀ ni òpin ti kúrò lórí ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìjà wọn yẹn o, àmọ́ ẹni tó ń fún èèyàn ní méje nínú márùn-ún, ṣé tíṣà kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì kí òbí má lọ bá a nílé ìwé?

Tíṣà_Ìjerò

Àwọn òbí á lọ. Wọ́n á ní kí ló dé tí ọmọ tàwọn ò gba mẹ́jọ.

Dáre_Àjìlósùn

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Mark", "casual" àti "piss break" ti jáde, ẹni tó bá sọ ọ́ á jáde tẹ̀ lé e. Fún ìyókù, màá gbìyànjú ti Bọ́dé: ẹni tó bá sọ ọ́ á ṣàlàyé ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í. N kò tíì gbà fún "buried" ṣá. "Gimmick", ìyẹn ẹni tí oníjàkadì ń díbọ́n jẹ́, ńkọ́?

Bọ́dé_Onígbàjámọ̀

Má fọwọ́ kàn án. Báwo lo ṣe fẹ́ ṣàlàyé Apollo Crews láìsí i? Ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, tó ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà látọjọ́ tá a ti mọ̀ ọ́n, ó jí lọ́jọ́ kan ní 2021, ó di ọmọ ọba Nàìjíríà, ohùn ẹ̀ yí padà, ó sì mú ọ̀kọ̀ dání. Wọ́n wá ṣe ìjà kan fún òun àti Big E ní WrestleMania, wọ́n pè é ní "Nigerian Drum Fight". Wọ́n to ìlù yí ríǹgì ká. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá ilé Ìbò ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀, mo ní n ò mọ̀. Láti Òmùò títí dé Ẹfọ̀n, mi ò rí ibi tí wọ́n ti fi ìlù ja ìjà rí.

Ó gba bẹ́líìtì Intercontinental lọ́jọ́ náà ṣá. A hó yèè.

Kẹ́mi_Bàsírì

Àsìkò wo ni gúrúùpù yín máa ń gbóná? Mo lè fẹ́ wọlé.

Dáre_Àjìlósùn

Òru ni, fún àwọn tó bá lè dúró. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní New York, aago kan òru ni tiwa, tí wọ́n bá sì ti fa aago wọn sẹ́yìn ní oṣù kọkànlá, ó di aago méjì. Àwọn yòókù ń wò ó lọ́jọ́ kejì.

Kẹ́mi_Bàsírì

Àwọn tó dúró lóru yẹn ló ń bà á jẹ́ fún wa. Èèyàn á ṣí fóònù láàárọ̀ kó fi wo aago, ó ti rí ẹni tó gba bẹ́líìtì. Fi ìyẹn sínú òfin: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó borí kó tó di alẹ́ Túsìdeè.

Tóbi_Ọ̀yẹ́

Alẹ́ kẹ̀! Aago méjìlá ọ̀sán ti tó.

Kẹ́mi_Bàsírì

Ọ̀sán wo? Àwa kan wà níbi iṣẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́, kò gbọ́dọ̀ dín.

Dáre_Àjìlósùn

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Kẹ́mi_Bàsírì

Kò parí. Mo ń bọ̀ ní gúrúùpù, a ó dìbò sí i.